Ta Ni Ká Gbé Iṣẹ́ Ilé Ẹgbẹ́ Wa Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ìkọ́lé ẹgbẹ́ wa ní Àbújá

Owó tí ẹ ń dá lónìí, ilé gbígbé ni a fẹ́ fi kọ́, fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí owó ilé Àbújá ń fún lọ́rùn. Nítorí náà, kí bíríkìlà tó dé, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọ̀nà wo ni a ó gbà gbé iṣẹ́ yìí jáde?

Ọ̀pọ̀ ń wí pé kí a gbé gbogbo rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan, kí a dá iye lé e, kí ó kó kọ́kọ́rọ́ fún wa lọ́jọ́ tó bá parí. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2023, nígbà tí ìjọba ní kí ọjà máa pinnu iye náírà. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, àpò sìmẹ́ńtì kan ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Agbaṣẹ́ṣe tó ti gba iṣẹ́ ní iye àtijọ́, kí ni kó ṣe? Bí kò bá sá, yóò dín sìmẹ́ńtì inú búlọ́ọ̀kù kù, ẹ̀yin onílé lẹ ó sì fi ojú rí i lára ògiri.

Àwọn mìíràn ní kí a kúkú ra ilé lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́lé tà. Láti 2000 ni ìjọba Àbújá ti ń fún irú wọn nílẹ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Mass Housing. Ilé dáradára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á ni ó lo ọdún púpọ̀ láìní ìwé ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. A kò lè fi owó gbogbo wa ra ẹjọ́.

Ọ̀nà tí àwa fara mọ́ ni kí a máa ṣe é bí owó bá ṣe ń wọlé. Ìgbìmọ̀ ni yóò máa ra sìmẹ́ńtì, irin àti yanrìn. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni a ó gbé jáde, ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, ògiri lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀. Kí ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán kọ iye wọn wá, kí a ṣí àpòòwé wọn lójú ìpàdé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 lórí gbígbé iṣẹ́ ìjọba jáde fi ìdíje gbangba ṣáájú. Òfin náà kò de ẹgbẹ́ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò fún wa.

Ọ̀nà yìí ní aléébù tirẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, sìmẹ́ńtì a máa rìn lóru. A gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹnjiníà kan tí kò bá bíríkìlà tan, tí yóò máa ka àpò, tí yóò yẹ irin wò kí a tó da kọnkéré lé e. Ẹ má ṣe wí pé owó rẹ̀ pọ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ kí Development Control tó fọwọ́ sí pílánì.

Ó ku èyí tó le. A ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé, “Ọmọ wa ni kí ẹ gbé e fún.” Bí ọmọ wa bá mọ iṣẹ́, kí ó kọ iye tirẹ̀ wá bíi ti àwọn yòókù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni yòówù tó bá gbà á, a ó dá díẹ̀ dúró nínú owó rẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀ sórí òrùlé, kí a mọ̀ bóyá ó ń jò.

Pílánì náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà wò ó kí ẹ tó dé ìdí tábìlì owó.