Gbígbé Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣìṣẹ́ Kúrò ní Kíláàsì Bọ́ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n là sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dá sí i nìyí: bí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni ó yẹ kí ó gbé lọ, kí ni ó yẹ kí ó fi sílẹ̀, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn ni a kì í sábà bi ara wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà tuntun ni kí òṣìṣẹ́ máa kẹ́kọ̀ọ́ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1974 ni Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ó ń fi ìwé ránṣẹ́ kọ́ àwọn tí kò lè wá jókòó sí kíláàsì. Ní ọdún 1976 ni a dá National Teachers' Institute, tí a mọ̀ sí NTI, sílẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó gba ìwé-ẹ̀rí Grade II, àti NCE lẹ́yìn náà, lọ́wọ́ rẹ̀ láìkọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣí National Open University. Ní ọdún 1984 ìjọba ológun tì í pa, ìgbà ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n tó jí i dìde. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé nígbà tí amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára iṣẹ́ tí a yàn fún un.

Ohun kan wà nínú ètò NTI tí mo fẹ́ kí a kíyè sí. Ìwé tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àkọsílẹ̀ olùkọ́ tí a kàn tẹ̀ jáde. A pín in sí ẹyọ kéékèèké, a sọ ohun tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà fún, a sì fi ìbéèrè sí i kí òǹkàwé lè dán ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn èyí, a tún ń pe akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní ìgbà ìsinmi láti fi ojú rinjú pẹ̀lú olùkọ́.

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. A mú àkọsílẹ̀ wa, a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti wà, a sì pè é ní kọ́ọ̀sì. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan tí mo ń ṣe fún àwọn olùkọ́ lórí bí a ti ń fún àròkọ ní máàkì. Mo jókòó síwájú fóònù, mo sọ̀rọ̀ wákàtí méjì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi fídíò náà ránṣẹ́. Ìyá kan tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ló là mí lójú. Ó ní, "Alàgbà, lẹ́yìn tí mo bá se oúnjẹ alẹ́ tán ni mo ń ṣí fídíò yín. Kí ẹ tó kí wa tán, oorun ti gbé mi lọ. Bí mo bá sì fi máa jí, dátà ti tán."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ó mú kí n tún iṣẹ́ mi wò. Kí ni àwọn olùkọ́ ń rí kọ́ ní kíláàsì mi gan-an? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Àròkọ kan ṣoṣo ni mo máa ń pín fún gbogbo wọn. Ẹni kan á fún un ní 8 nínú 20, ẹlòmíràn á fún un ní 15, àríyànjiyàn á sì bẹ́ sílẹ̀. Inú àríyànjiyàn yẹn ni ẹ̀kọ́ wà, òun gan-an ni mo sì fi sílẹ̀ sẹ́yìn! Nítorí náà mo ya fọ́tò àròkọ kan, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Olúkúlùkù fi máàkì tirẹ̀ ṣọwọ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tú gbogbo rẹ̀ síta, tí mo ní kí ẹni tí ó fún un ní 8 àti ẹni tí ó fún un ní 15 kọ ìdí wọn sílẹ̀. Fídíò wákàtí méjì di ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà, mo sì kọ ohun kan náà sí ìwé fún ẹni tí dátà rẹ̀ kéré.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀kọ́ kan wà tí kò ṣe é gbé lọ tán. Nọ́ọ̀sì lè ka ìwọ̀n oògùn lójú fóònù. Kò lè tibẹ̀ mọ bí a ti ń gún abẹ́rẹ́. Irú ìyẹn gbọ́dọ̀ padà sí ojúkojú, ìbáà ṣe ọjọ́ kan péré.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀ràn owó. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà ní kíláàsì, agbanisíṣẹ́ ló ń san owó ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ, òun náà ló sì ń yọ̀ǹda ọjọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òṣìṣẹ́ ló ń ra dátà, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, òru rẹ̀ ló sì fi ń kàwé. Ṣé ìnáwó ti dín kù nìyẹn, àbí a kàn gbé e lé ẹlòmíràn lórí? Ẹni tí ó ti rẹ̀ yóò kàn máa tẹ fóònù láti ojú ìwé kan sí èkejì títí yóò fi rí ìwé-ẹ̀rí gbà, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Lójú tèmi, wákàtí tí a yàn fún ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú wákàtí iṣẹ́, owó dátà sì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ó jókòó lọ́wọ́ òsì mi ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa iye wákàtí tí ó rò pé ọ̀gá lè yọ̀ǹda fún olùkọ́ lọ́sẹ̀, àti ẹni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ ní kíláàsì nígbà náà.