Ìwé Àṣírí Ìjọba àti Fóònù Ọwọ́ Wa

  

Àwa amòfin tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ní kí á wá sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn. Ìwé àṣírí ìjọba ni a gbé wá lónìí, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ láàrin wa, àwa tí wọ́n bí láàrin ọdún 1965 sí 1967 sì ti ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa la sì jọ wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ni òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1962 ni wọ́n ṣe Òfin Àṣírí Ìjọba ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìwé tàbí ọ̀rọ̀ tí ìjọba kà sí àṣírí, tí ìtànkálẹ̀ rẹ̀ lè pa ààbò Nàìjíríà lára, ni ó ń sọ. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò yẹ kó rí i ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá gbà á láìní àṣẹ ti ṣẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́? Òun náà. Ẹni tó kàn tọ́jú u sílé pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí títọ́jú yẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn ẹni wa máa ń kó sí. Ẹni tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tó ń palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́, á kó fáìlì sínú páálí, á ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ló ni ín. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń wá ìwé tí yóò fi wé àkàrà ńkọ́? Òfin náà tún sọ pé òṣìṣẹ́ tí kò bá tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n fún un lórí bí yóò ṣe pa irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ti jẹ̀bi, bí kò tilẹ̀ fi han ẹnikẹ́ni.

Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́jọ́ kúkurú, ó lè tó ọdún 2. Abala 97 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó tú àṣírí ọ́fíìsì rẹ̀ síta. Ká tó dé kóòtù rárá, ìlànà iṣẹ́ ìjọba kà á sí ìwà àìtọ́ ńlá, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ ti Jack Teixeira fún wọn. Ọmọ ọdún 21 ni, ó ń ṣiṣẹ́ ológun òfurufú ní Massachusetts, nígbà tí wọ́n mú un ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Kò ta ìwé fún ọ̀tá kankan. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta géèmù lórí Discord ló ń fi ìwé àṣírí ológun han, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó mọ nǹkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, adájọ́ fi í sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ ni tiwọn náà! Ìṣe fọ́rífọ́rí ló pa á, a ò sì rò pé ó ṣàjèjì sí àwa àgbà.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wá já sórí fóònù yín lóru, tí ẹ ò béèrè fún un ńkọ́? Òfin ọdún 1962 ní àwíjàre kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ẹ ó fi hàn pé ẹ ò mọ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ̀, pé ìwé àṣírí ni. Ẹ ó tún fi hàn pé bí ẹ ṣe mọ̀ ni ẹ sọ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ̀, tó tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn pẹ̀lú "bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́", kò ní ẹsẹ̀ kankan tí yóò fi dúró.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi òfin yìí dẹ́rù bà yín láti bo olè mọ́lẹ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì fèsì láàrin ọjọ́ 7. Abala 28 sọ pé òntẹ̀ àṣírí nìkan kò tó láti fi lé olùbéèrè padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ó wà lára ohun tí òfin náà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dì mú. Abala 27 sì ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó tú ìwé síta nítorí ó gbàgbọ́, pẹ̀lú ìdí tó múná dóko, pé ó ń fi jìbìtì, ìfowó ìlú ṣòfò tàbí ewu fún ìlera ará ìlú hàn. Ṣùgbọ́n ẹ rí amòfin kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀yin alábòójútó WhatsApp ẹgbẹ́, a ó rí yín lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó bá sì ní páálí nílé, kó má sun ún o, ohun ìní ìjọba ni. Kó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, kó dá a padà, kó sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á.