Ìrẹ̀ Inú Oko àti Ìrẹ̀ Inú Àwo

Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ní ọjọ́ kan ní Adawlato, ọjà ńlá Lomé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà, mo pàdé ìyá kan tí ó ti oko wá. Ó fi aṣọ wé ìgò kékeré kan.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ bá mi ka ohun tí ó wà lára ìgò yìí."

Mo yí ìgò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Ẹni tí ó tà á ti bù ú láti inú ike ńlá. Ìyá ní oògùn òwú ni wọ́n pè é, pé yóò pa gbogbo ìrẹ̀ tí ń gé ata òun.

Mo bi í pé, "Ìyá, àwọn ọmọ yín kì í wa ìrẹ̀ jẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ wo ni kì í jẹ ìrẹ̀? Àná gan-an ni wọ́n yan án jẹ." Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ó dákẹ́. Ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró síbí díẹ̀. Ìrẹ̀ tí ó jẹ oògùn lè má kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè wọ́ jáde láti inú ihò, kí ọmọdé mú un wọ́ọ́rọ́wọ́, kí inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí ẹran. Ẹ má rò pé iná yóò jó oògùn náà dànù. Ní Borgou, ní ilẹ̀ Benin tí ó wà nítòsí wa, ní nǹkan bí ọdún 1999, oògùn òwú tí à ń pè ní endosulfan pa ènìyàn tí kò dín ní 37. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ oúnjẹ tí oògùn ti kàn. Lẹ́yìn náà, ìjọba Benin fi òfin de oògùn náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìrẹ̀ ń dà láàmú. Ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbátan ìrẹ̀ kan wà tí ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété. Láti apá gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá ní nǹkan bí ọdún 1900. Ó ba koríko tí màlúù ń jẹ jẹ́, ó sì ba koríko àgbàlá àwọn ènìyàn jẹ́. (Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń gbin koríko yí ilé ká, wọn kò sì ní ewúrẹ́ kan tí yóò jẹ ẹ́.) Oògùn líle kan tí ń jẹ́ chlordane ni wọ́n ń fi pa á. Nígbà tí ìjọba rí i pé oògùn náà kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, wọ́n dá a dúró.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Florida wá bi ara wọn pé: kí ni ń pa kòkòrò yìí ní ilé rẹ̀? Wọ́n lọ wò. Wọ́n rí aràn tín-ín-tín kan ní Uruguay, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Florida ní ọdún 1985. Wọ́n rí agbọ́n kan ní Bolivia. Wọ́n tún rí eṣinṣin kan ní Brazil, wọ́n tú u sílẹ̀ ní ọdún 1988. Eṣinṣin yìí ní etí! Bí akọ bá ń kọrin pe abo lóru, eṣinṣin yóò tẹ̀ lé orin náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò bí ọmọ sí i lára, àwọn ọmọ náà yóò sì jẹ ẹ́ láti inú. Kòkòrò náà dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀ ti Florida ni wọ́n ń pa. Kò sí ẹni tí yóò tà wọ́n fún yín ní Adawlato.

Ìrẹ̀ ńlá tiwa ń gbé inú ihò, ní ilẹ̀ oníyanrìn. Òru ni ó ń jáde gé èhù ata, ẹ̀pà àti ẹ̀gẹ́, tí ó sì ń wọ́ wọn wọlé. Ìdí ihò rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: ẹ ó rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ tútù lẹ́nu rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ fi ọkọ́ tọ ihò náà dé ìsàlẹ̀, kí ẹ mú un kí ó tó yé ẹyin. Iṣẹ́ ni, n kò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mú, ẹ lè jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹran ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní a kì í ru ẹran erin lérí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹran erin ńkọ́? Kí ó wa ìrẹ̀ rẹ̀!

Àwọn kan tilẹ̀ ń sin ín bí adìyẹ. Ní Thailand, láti ọdún 1998, Yunifásítì Khon Kaen bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará oko ní iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ó fi di ọdún 2013, àjọ FAO kọ ọ́ pé àwọn tí ń ṣe é tó nǹkan bí 20,000. Wọ́n ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Kenya pẹ̀lú, ní Yunifásítì Jaramogi Oginga Odinga ní Bondo.

Ìrẹ̀ ńlá inú ihò kò dára fún sísìn, nítorí ó ń tó nǹkan bí ọdún kan kí ó tó dàgbà. Ìrẹ̀ dúdú kékeré, tí ó ní àmì ràkọ̀ràkọ̀ méjì ní ìdí ìyẹ́, ni ó yá. Wọ́n ń fi bíríkì mọ ibùgbé kúkúrú fún un, wọ́n sì ń to páálí ẹyin sínú rẹ̀ kí ó lè sá pamọ́. Oúnjẹ adìyẹ àti ewé ni ó ń jẹ. Omi rẹ̀ ń wà nínú àwo pẹlẹbẹ tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí, kí ó má baà rì. A ó gbé abọ́ yẹ̀pẹ̀ rírin sí i kí ó yé sí. Láàrin oṣù kan ààbọ̀ sí méjì, ó tó jẹ. Kí ẹ ṣọ́ èèrà àti alángbá o. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 2010, àrùn kan wọ ilé ìrẹ̀, ó sì sọ àwọn kan di aláìníṣẹ́. Nítorí náà ẹ má kó gbogbo owó yín lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ já ẹsẹ̀ àti ìyẹ́, ẹ fa ìfun rẹ̀ jáde, ẹ sè é kí ó jinná kí ẹ tó yan án. Ẹni tí edé tàbí akàn ń mú ara rẹ̀ yún, kí ó má fọwọ́ kàn án.

Ìyá náà bi mí ohun tí òun yóò fi ìgò náà ṣe. Mo ní kí ó má dà á sí odò tàbí sí ẹ̀bá kànga, kí ó gbé e padà fún ẹni tí ó tà á. Ó gbé e lọ. Ìdajì owó rẹ̀ péré ni wọ́n dá padà. Ó fi ra edé gbígbẹ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.