Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Ni Yóò Ka Ọmọ Ayò
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé Ilé-Ìwé Yorùbá ti Sátidé



Àwa mẹ́ta tí a ń bójú tó kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ẹ ní kí á wá ṣàlàyé ara wa, nítorí ẹjọ́ ti pọ̀. Ẹjọ́ náà ni pé ẹ̀ ń san owó, ẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì méjì wá síbí, ẹ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ẹ wá bá àwọn ọmọ nídìí ọpọ́n ayò. Bàbá kan bi wá pé ṣé ayò ni òun ní kí ọmọ òun wá kọ́ ní London. Ìbéèrè gidi ni, a kò bínú sí i. Òbí méjì ti mú ọmọ wọn kúrò. Lónìí ni ẹgbẹ́ yóò sì pinnu bóyá kí á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, tàbí kí á padà sí ti àtijọ́.

Kí á kọ́kọ́ sọ bí ti àtijọ́ ṣe rí, torí àwa náà ni a ṣe é. Odidi ọdún kan ni a fi dúró níwájú pátákó, tí à ń pè, tí àwọn ọmọ ń gbè: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ogún. Ó dùn ún gbọ́. Níbi àpèjẹ ìparí ọdún wọ́n kà á, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ tún ná wọn lówó. Nígbà tí a wọlé padà, a da ẹ̀wà mẹ́rìndínlógún sórí tábìlì, a ní kí ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ ròkè jù lọ́jọ́ àpèjẹ sọ iye tí ó jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ó ń kọrin bọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti dé ogún kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ìdajì ẹ̀wà. Orin ló mọ̀, kò mọ iye. Ojú tì wá, nítorí àwa ni a kọ́ ọ.

Ọ̀mọ̀wé ará Switzerland kan wà, Jean Piaget (1896–1980), tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọdé ṣe ń ronú, títí kan àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹ lè dán ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣe wò nílé. Ẹ bu omi sínú ife méjì tí ó dọ́gba, kí ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún gbà pé wọ́n dọ́gba. Kí ẹ wá da ọ̀kan sínú ife gíga tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn yóò ní ti inú ife gíga ló pọ̀ jù. Bí ẹ bá ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ṣú, yóò gbà nítorí pé ẹ jẹ́ àgbà, ṣùgbọ́n ife gíga ni yóò nawọ́ sí bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ó di ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá da omi lọ, tí ó dà á bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó o. Ìmọ̀ kì í ṣe omi tí tíṣà ń rọ sínú agbè. Ọmọ ni ó ń mọ ọ́n, bí a ti ń mọ ilé, láti orí ohun tí ó ti wà nílẹ̀.

Èyí tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wa sọ pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń rí ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, a kì í kàn fi ìwé lé e lọ́wọ́ kí ó máa lọ sílé. Wọn yóò ní kí ó gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì ara rẹ̀ lójú wọn. Bí ó bá ní ó ti yé òun, ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò wò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ayò. Ọpọ́n ayò ní ojú méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ní ojú kọ̀ọ̀kan. A bi wọ́n pé mélòó ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ mẹ́rin lọ́nà méjìlá ní ilé-ìwé wọn, kíá ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé 48. A ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. Gbogbo wọn dákẹ́, àwa náà kò sì sọ fún wọn. A ní kí wọ́n tò ó ní ogún ogún. Ogún méjì, ó ku mẹ́jọ. Wọ́n ní ogójì àti mẹ́jọ. A ní kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n bàbá àgbà yín kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yá méjìlá lọ́wọ́ ọpọ́n kejì kí ó lè pé ogún mẹ́ta: ọgọ́ta. Wọ́n mú mẹ́wàá kúrò. A sọ fún wọn pé àádọ́ta nìyẹn, ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan tẹjú mọ́ ọpọ́n, ó ní, “Àǹtí, ó ku méjì tí kì í ṣe tiwa.” Ó mú un kúrò, ó ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ó ní: “Méjì... dín... méjìdínláàádọ́ta!” Kò sí ẹni tí ó pè é sí i létí. Inú orin wa àtijọ́ ni ó ti mú méjìdínlógún, tí ó fi mọ èyí.

Nítorí náà a kò sọ pé àkọ́sórí kò wúlò. Láìsí orin yẹn, kò ní rí nǹkan fi mọ ọ́n. Oríkì, ìkíni àti ìkúnlẹ̀, àkọ́sórí ni a óò máa fi kọ́ wọn. A kò fẹ́ ọmọ tí yóò kọ́kọ́ ronú kí ó tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. A tún gbìyànjú ọ̀nà tuntun yìí lórí àmì ohùn, kò bọ́ sí i rárá, ariwo lásán ni. A ti padà sí pátákó fún ìyẹn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé gbogbo ìṣirò ní Yorùbá yìí yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà, tí tíṣà tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú ìyókù. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1989. A mọ̀ pé tiwa níhìn-ín yàtọ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa gbọ́ jù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn 48.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni oṣù mẹ́ta sí i. Ọ̀nà yìí lọ́ra: a kò tíì kọjá ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí á ti dé igba. Ní ìparí oṣù mẹ́ta, kí òbí tí ó bá wù fúnra rẹ̀ da ẹ̀wà sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, kí ó bi í léèrè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, a óò padà sí ti àtijọ́, a kò ní jiyàn. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní ọpọ́n ayò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa. Méjì péré ni a ní fún ọmọ mẹ́tàdínlógún.