Àkọsílẹ̀ Àìsàn Ọmọdé ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní ọdún 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Èéyi, òtútù àyà, ikọ́ ahúbì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ló ń kó àwọn ọmọ wá sí wọ́ọ̀dù. Ohun tí dókítà ń kọ sílẹ̀ níbẹ̀ kò ju ìparí àìsàn lọ. Ọmọ tí wọ́n gbé dé ti rù kan egungun, kò sì sí ẹni tó lè sọ bó ṣe wúwo tó ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, torí kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n nígbà náà.

Èyí ló gbé ìwádìí Morley kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sí ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà ìbí títí wọ́n fi tó ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n déédéé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń dàgbà dáadáa ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń mu ọmú. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ọmú nìkan kò tó mọ́, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ mímu lásán ni wọ́n fi ń kún un, ìwọ̀n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́. Ìwọ̀n ti dúró sójú kan tipẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú, kí irun rẹ̀ tó pọ́n.

Èéyi ni àkọsílẹ̀ náà tú àṣírí rẹ̀ jù. Ara ọmọ á sú, ohun tó sú náà á dúdú, awọ á sì máa bó. Ẹnu á di egbò, kò ní lè fa ọmú. Ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ìwọ̀n á já wálẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ èéyi tún lè kú sọ́wọ́ àìjẹunrekánú. Morley fi èyí wé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ó sì rí i pé èéyi ti pa ọmọ níbẹ̀ náà gan-an, nígbà tí ìyà àti ebi pọ̀ láàárín àwọn ará ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kọ́, oúnjẹ àti ipò ìgbé ayé ni. Samuel Katz, tó bá John Enders ṣiṣẹ́ ní Boston lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, gbé e wá fún àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i ní 1963.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde. Oṣù ọjọ́ orí wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà méjì sì fi ọ̀nà tó yẹ kí ọmọ tọ̀ hàn. Nọ́ọ̀sì tí kò kàwé púpọ̀ lè fi àmì sí i, ìyá tí kò mọ̀wé sì lè rí i bí àmì bá dẹ́kun gígùn òkè. Ìyá ló ń mú káàdì lọ sílé nínú àpò ọ̀rá. Ìgboyà tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ rò pé yóò sọnù; ṣùgbọ́n àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀ ju bí ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú fáìlì lọ. Ní kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń lo káàdì náà, ibì kan náà ni wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn, tí wọ́n sì ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le.

Morley kó ẹ̀kọ́ wọ̀nyí jọ sínú ìwé Paediatric Priorities in the Developing World ní 1973. Ní 1975, Wesley Guild di ara ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti yunifásítì Ifẹ̀. Nígbà tí àjọ UNICEF gbé ètò ìdáàbòbò ẹ̀mí ọmọdé kalẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, wíwọn ọmọ wà lára ohun mẹ́rin tó ṣe kókó níbẹ̀, pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, fífún ọmọ lọ́mú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlà ìdàgbàsókè tuntun jáde, èyí tí wọ́n gbé ka orí àwọn ọmọ tó mu ọmú ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Gánà sì wà lára wọn.