Aṣọ Funfun Níwájú Iná

Ẹ̀yin tó ń ya fọ́tò tí owó ò tíì jọjú ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ló ń mú òjìji le lójú ẹni tí ẹ ń yà? Iná tó kéré ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ̀ ló ń mú òjìji rọ̀. Mo tún un sọ: kó fẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn ọ̀sán, ṣé òjìji wa kì í rọ̀ ni?

Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀, kí ẹ na aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sí i, kí ẹ sì gbé e síwájú gílóòbù iná yín. Funfun nìkan o! Àwọ̀ aṣọ máa ń ràn mọ́ ojú èèyàn. Ẹ sún aṣọ náà mọ́ ẹni tí ẹ ń yà. Ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín aṣọ àti gílóòbù, kí ìmọ́lẹ̀ lè kún un, kí aṣọ má sì gbiná.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀, kó sì sún mọ́ni.