Ogbó Kò Ní Oògùn, Ṣùgbọ́n Àìsàn Ọkàn Ní Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ ìtọ́ni fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Eggua

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ọkàn, tí ó sì ń mú un lù láìsinmi.

Bí bàbá àgbà bá rìn díẹ̀ tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ará ilé a ní, "Ogbó ló dé." Àwọn kan tilẹ̀ ń fi hadith Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé gbogbo àrùn ló ní oògùn àfi ogbó. Òótọ́ ni hadith náà, ṣùgbọ́n àṣẹ pé kí ènìyàn wá ìwòsàn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ogbó ni kò ní oògùn. Àìsàn ọkàn kì í ṣe ogbó.

Ọkàn tí ń pín ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara ní iṣan tirẹ̀ tí ń bọ́ ọ. Ibn al-Nafis, oníṣègùn Mùsùlùmí tí ó kú ní Cairo ní ọdún 1288, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣan inú ẹran ọkàn ni oúnjẹ ọkàn ń gbà. Ọ̀rá a máa dì mọ́ inú iṣan wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò fi há. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sìgá a máa mú un yára. Bí ọ̀nà náà bá dí lójijì, apá kan ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Àyà àgbàlagbà lè má dun ún rárá. Èémí kúkúrú, òógùn tútù, èébì, òòyì tàbí ọ̀rọ̀ tí kò bára mu lè jẹ́ àmì rẹ̀. Ẹ má pè é ní iṣẹ́ ayé, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e gba ọ̀nà Ìlaró tàbí Ayétòrò lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí wákàtí àkọ́kọ́ ló níye lórí jù.

Ásípírìn, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Dókítà ni kí ó wọn ọ́n fún àgbà, nítorí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, ásípírìn sì lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Bí oògùn kò bá tó, wọ́n lè ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọwọ́ tàbí itan la iṣan náà, bí Andreas Grüntzig ti kọ́kọ́ ṣe é ní Zürich ní ọdún 1977. Wọ́n ń ṣe é ní Èkó lónìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Oògùn ojoojúmọ́ rọrùn jù ú lọ.

Nínú Ramadan, kí àgbà má ṣe dá oògùn dúró nítorí ààwẹ̀. Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn. Ẹni tí kò lè gbààwẹ̀ mọ́ yóò bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ oògùn àwọn òbí yín, kí ẹ sì máa mú wọn lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí Ọlọ́hun fún àwọn àgbà ní àlàáfíà. Àmín.